Ọkọ̀ Ìje àti Àbúrò Rẹ̀ Tí Ń Rìn Ní Ìgboro

  Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù tí ó wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a fi ń sáré ìje ni, àti ti ọmọ ìyá rẹ̀ tí òfin gbà láàyè láti máa rìn ní ìgboro.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Kabba mọ̀ pé ìlú oríta ni. Ọ̀nà kan gba Ọbajana lọ sí Lọ́kọ́ja. Òmíràn lọ sí Òkéné. Òmíràn lọ sí Òmùò ní ilẹ̀ Èkìtì. Òmíràn sì gba Mopa àti Isanlu lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, títí a ó fi dé Ìlọrin. Ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ọkọ̀ kan wà tí àwọn òbí wa kò lè gbàgbé: Peugeot 504, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Pijó. Èyí tí ó gùn lẹ́yìn, tí a ń pè ní sítéṣọ̀n wágọ̀n, ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Òun ni ó ń kó èrò láti gáràjì dé gáràjì, pẹ̀lú àpò gàrí àti iṣu lórí. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to 504 jọ ní Kàdúná, ní ilé-iṣẹ́ Peugeot ti Nàìjíríà, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di nǹkan bí ọdún 2006.

Nígbà náà, àwọn ọmọdé a máa bá ara wọn jiyàn. Ọ̀kan á ní, “Pijó yìí ni ó gba ife ẹ̀yẹ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà.” Èkejì á ní irọ́ ni, pé ọkọ̀ ìje kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn ń fi kó èrò. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ọkọ̀ ìje tí ó wà. Mẹ́ta ni wọ́n. Irú kìíní ni èyí tí kò ní ọmọ ìyá kankan ní ìgboro. Ìjókòó kan ṣoṣo ni ó ní, táyà rẹ̀ wà ní ìta, kò ní hóònù, kò sì ní nọ́ńbà. Inú ọgbà ìje nìkan ni ó ń gbé. Irú kejì ni ọkọ̀ ìgboro tí wọ́n mú lọ sí ìje: ìgboro ni wọ́n bí i sí, ìje ni ó lọ ṣe. Irú kẹta ni ó yani lẹ́nu jù. Èyí ni ọkọ̀ tí wọ́n ti inú ìje ro, tí wọ́n ṣe àkọ́ṣe rẹ̀ fún ìje, tí òfin ìje sì fi ipá mú wọn láti ṣe irú rẹ̀ fún ìgboro pẹ̀lú.

Kí ni à ń pè ní àkọ́ṣe? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń hun aṣọ òfì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ọnà tuntun kan bá wá sọ́kàn ìyá aláṣọ, kì í ta òwú sílẹ̀ fún odindi aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ́kọ́ hun díẹ̀ wò. A wo bí àwọ̀ ti bá àwọ̀ mu, a wo ibi tí òwú ti já, a tú u, a tún un hun. Díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ hun yẹn ni àkọ́ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. Wọn a ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, wọn a gbé e sáré lórí òkúta àti nínú ẹrẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí kò lágbára.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀, Pijó.

Ní ọdún 1953, nígbà tí wọ́n fi Ọbabìnrin Elizabeth Kejì jẹ ọba ní ìlú òyìnbó, àwọn awakọ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà dá ìdíje kan sílẹ̀ láti fi yẹ́ ẹ sí. Ìdíje náà gba ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹgáníkà, tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pè é ní Safari Rálì. Rálì kì í ṣe ìje orí pápá tí ọkọ̀ ń yí po bí ẹṣin. Ìrìn àjò gígùn ni, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú fún olúkúlùkù. Nígbà náà, àkókò Àjíǹde ni wọ́n máa ń ṣe ti Safari, nígbà tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ á gbé ọkọ̀ mì, odò á kún kọjá afárá, eruku á bo ojú. Ní ọdún 1963, ọkọ̀ 84 ni ó gbéra. Ọkọ̀ 7 péré ni ó dé ilé. Peugeot 404 ni ó sì ṣíwájú wọn. Òun náà ló tún gba ipò kìíní ní 1966, ní 1967 àti ní 1968.

Ọdún 1968 yẹn gan-an ni wọ́n gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ onílé ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún ìje: kí bàbá lè gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sí ibi ìsinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní sípíríǹgì tí ó gùn tí ó sì rọ̀, ara rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ṣòro tún ṣe. Nítorí náà, ní 1975, ọdún kan náà tí ilé-iṣẹ́ Kàdúná ṣí ilẹ̀kùn, 504 gba ipò kìíní ní Safari Rálì. Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó wà á. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún fi irú 504 mìíràn gbà á. Èyí jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju ti Pijó tí a mọ̀ lọ. Ní ọdún kan náà, òun kan náà ni ó tún gba ti Bandama Rálì ní ilẹ̀ Ivory Coast, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Kí ẹ sì má rò pé eré ọmọdé ni Bandama. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó parí ìdíje náà.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí pé ọmọ tí ó ní Pijó gba ife ẹ̀yẹ kò purọ́? Ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu. 504 tí ó sáré ní Kẹ́ńyà ti gba àfikún. Wọ́n ti fi irin kún ara rẹ̀, wọ́n ti fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí òkúta má baà fọ́ ọ, wọ́n ti fi iná ńláńlá kún iwájú rẹ̀. Síbẹ̀, ìgboro ni ẹ̀gbọ́n, ìje ni àbúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún 504 ni ó wà ní ìgboro káàkiri ayé, kí ẹyọ díẹ̀ tó lọ sí ìje.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí irú kẹta, níbi tí ìje ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí ìgboro sì jẹ́ àbúrò.

Àwọn tí ń ṣe àkóso ìje ọkọ̀ ní àgbáyé ní òfin kan láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kàn dá ẹyọ ọkọ̀ kan rọ ní kọ̀rọ̀, kí ó sì mú un wá bá ọkọ̀ ẹlòmíràn díje. Ó gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀ tó iye kan fún ará ìlú láti rà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ará ìlú bá wo ìje, kí ó lè sọ pé, “Irú ọkọ̀ tí èmi náà lè rà nìyẹn.” Iye yẹn ni ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1982, wọ́n dá ìpín tuntun sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Ìpín B. Nínú ìpín yìí, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ ṣe 200 péré láàárín oṣù méjìlá. Ẹ rántí 200 yìí o, nítorí a ó tún padà sí orí rẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ Peugeot, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jean Todt ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ ìje. Òun fúnra rẹ̀ ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ rálì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń ka ìwé ọ̀nà fún un. Ní àkókò yẹn, Peugeot fẹ́ gbé ọkọ̀ kékeré tuntun kan jáde fún ará ìlú. Orúkọ rẹ̀ ni 205. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, táyà iwájú ni ó sì ń fa ọkọ̀ lọ. Todt àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pinnu láti ṣe ọkọ̀ ìje tí ojú rẹ̀ yóò jọ ti 205 yìí, kí òkìkí ìje lè máa ta ọkọ̀ ìgboro. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni yóò jọ ọ́. Wọ́n pè é ní 205 Turbo 16. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 ni wọ́n fi 205 méjèèjì han aráyé, ti ará ìlú àti ti ìje.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò níwájú, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, níbi tí ọmọ ìbá ti jókòó. Gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fún ní agbára, kí ọkọ̀ lè di ilẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀ àti lórí yìnyín. Ẹ́ńjìnnì náà kò tó lítà méjì, ó kéré sí ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn Pijó tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi turbo sí i. Iṣẹ́ turbo kò ṣòro láti yé wa. Ẹ ti rí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń fẹ́ ẹwìrì, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wọ inú iná, iná á gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Turbo ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ni ó ń yí fáànù kékeré kan. Fáànù náà sì ń ti afẹ́fẹ́ padà wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí epo lè jó púpọ̀ sí i.

Lẹ́yìn tí àkọ́ṣe ti jáde dáadáa, ó di ọ̀ranyàn láti ṣe 200. Wọ́n ṣe wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sí ìlà nínú ọgbà kan kí àwọn aṣojú àjọ ìje lè wá kà wọ́n. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ 200, aláwọ̀ eérú, àyàfi ẹyọ díẹ̀, tí wọ́n dúró ní ẹsẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé ní ìlà òwúrọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àbúrò. Wọ́n ní iná tí òfin fẹ́, wọ́n ní hóònù, wọ́n ní ìjókòó méjì tí ó rọ̀, wọ́n ní sáílẹ́ńsà tí ń pa ariwo mọ́, wọ́n sì ní nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá lówó lè rà á kí ó fi lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò fi ẹrù sí? Kò sí ibi ẹrù. Ẹ́ńjìnnì ti gba ibẹ̀.

Agbára àbúrò yìí jẹ́ ti ẹṣin 200, nígbà tí Pijó 504 ti ìgboro kò ju nǹkan bí 100 lọ. Ti ẹ̀gbọ́n, èyí tí ó lọ sí ìje, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 350, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, ó ti ju 400 lọ. Òfin tún gbà wọ́n láàyè láti ṣe àtúnṣe tuntun, bí wọ́n bá ti lè ṣe 20 péré irú èyí tí wọ́n tún ṣe. Ìyẹn ni pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀gbọ́n ń jìnnà sí àbúrò. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1984, ọkọ̀ náà lọ sí ìje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní erékùṣù Corsica. Ari Vatanen, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó wà á. Ó ṣíwájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó fi ọkọ̀ gbá nǹkan, kò sì parí. Ní oṣù kẹjọ, nílé rẹ̀ ní Finland, ó gba ipò kìíní. Ní 1985 àti ní 1986, Peugeot gba ife ẹ̀yẹ gbogbo ayé. Timo Salonen ni awakọ̀ tí ó gbégbá orókè ní ọdún kìíní, Juha Kankkunen sì ni ti ọdún kejì, ọmọ Finland sì ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, kò yẹ kí a kàn máa pàtẹ́wọ́. Ní ọdún 1985 yẹn, ní ilẹ̀ Argentina, ọkọ̀ Vatanen ta ìtàkìtì, ìjókòó rẹ̀ já kúrò níbi tí wọ́n ti dè é mọ́. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Ó ju ọdún kan lọ kí ó tó padà sídìí ọkọ̀ ìje. Ní oṣù kẹta ọdún 1986, ní ilẹ̀ Portugal, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn yà kúrò lójú ọ̀nà wọ àárín àwọn òǹwòran. Ènìyàn mẹ́ta kú, ju 30 lọ ni ó sì farapa. Ní oṣù karùn-ún, ní Corsica, Henri Toivonen àti Sergio Cresto tí ń ka ìwé ọ̀nà fún un jáde kúrò lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ Lancia, ọkọ̀ gbiná, àwọn méjèèjì sì kú. Láìpẹ́, àjọ ìje kéde pé Ìpín B yóò parí ní òpin ọdún náà.

Kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Ibí ni mo ní kí ẹ rántí 200. Ìpín tí wọ́n gbé bọ́ síwájú láti 1987, Ìpín A, béèrè kí ilé-iṣẹ́ ṣe 5,000 irú ọkọ̀ náà láàárín oṣù méjìlá. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 200, ilé-iṣẹ́ lè ṣe ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì wá ọlọ́rọ̀ díẹ̀ tí yóò rà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra 5,000 ọkọ̀ tí kò ní ibi ẹrù, tí ooru ẹ́ńjìnnì ń jó ẹ̀yìn ènìyàn? Iye yẹn fi ipá mú wọn láti ṣe ọkọ̀ tí ọmọ ènìyàn lè fi gbé ilé ayé. Nítorí náà, òfin fa ẹ̀gbọ́n padà sí ọ̀dọ̀ àbúrò.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ wa nílẹ̀ Áfíríkà. Pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, 205 Turbo 16 kò gba Safari Rálì rí. Ní 1984, ní 1985 àti ní 1986, Toyota Celica ni ó gbà á, òun kan náà ni ó sì gba ti Ivory Coast ní 1983, ní 1985 àti ní 1986. Ọkọ̀ Ìpín B ni Celica yìí náà, òun pẹ̀lú ní 200 àbúrò. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ni ó ní agbára, kò sì yára tó 205. Ohun tí ó ní ni pé kì í tètè bàjẹ́. Ní ojú ọ̀nà Áfíríkà, ẹni tí ó bá dé ni ó yára.

Nígbà tí Ìpín B kú, kí ni Peugeot fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe? Wọ́n mú un wá sí Sahara. Wọ́n fi nǹkan bí ẹsẹ̀ kan kún gígùn rẹ̀, wọ́n fi àgbá epo ńláńlá sí i, wọ́n sì mú un lọ sí ìje láti Paris dé Dakar, olú ìlú Senegal. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, Vatanen, tí ikú yọ̀ǹda rẹ̀ ní Argentina, padà sídìí ọkọ̀. Ó kọsẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn gidigidi, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ dé Dakar. Ní 1988, ó gbé ọkọ̀ tuntun wá, 405 Turbo 16, àbúrò 205. Òun ni ó ń ṣíwájú nígbà tí wọ́n sùn ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n wá ọkọ̀ tì. Olè ti gbé e lọ! Wọ́n rí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àkókò ìgbéra ti kọjá, àwọn aláṣẹ ìje sì yọ ọ́ kúrò. Kankkunen, tí ó wà nínú 205 àtijọ́, ni ó gba ipò kìíní. Ní 1989, Vatanen àti Jacky Ickx, àwọn méjèèjì nínú 405, ń lé ara wọn kíkankíkan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ba Todt pé wọn yóò ba ọkọ̀ jẹ́. Ó mú owó ẹyọ kan, ó sọ ọ́ sókè láti mọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Ó bọ́ sí ti Vatanen, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe dé Dakar.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni gbogbo èyí kàn wá ní Kabba? Ó kàn wá púpọ̀.

Ọ̀dọ́ kan lè ra ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti gba ife ẹ̀yẹ. Ó lè lẹ àwòrán ọkọ̀ ìje mọ́ ọn lára, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sáré bí ẹni tí ejò ń lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé orúkọ ni ó rà, kò ra ara ọkọ̀ ìje. Nínú ọkọ̀ ìje, àgò irin wà tí ó yí awakọ̀ ká, tí ọkọ̀ bá sì ta ìtàkìtì, òrùlé kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan tí ó gba àyà kọjá. Ó de èjìká méjèèjì àti ìbàdí mọ́ ìjókòó. Awakọ̀ dé akoto, ó wọ aṣọ tí iná kì í tètè jó. Ẹnìkan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń kà á sí i létí pé ọ̀nà yóò yà sí ọ̀tún, pé gegele wà níwájú. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ ti gbọ́ iye ẹ̀mí tí ó lọ.

Lójú ọ̀nà tiwa, ta ni yóò kà á sí i létí pé ewúrẹ́ fẹ́ sọdá, pé tírélà tí ó kó sìmẹ́ńtì láti Ọbajana bàjẹ́ sí ẹ̀yìn kọ́nà? Kò sí ẹnìkan. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó ní.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù yín, kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń lọ ní nǹkan bí mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 100 kìlómítà, yóò jẹ́ mítà 28. Ìyẹn ni ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò ti rìn kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan búréèkì, bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó rí ewu. Lẹ́yìn náà ni búréèkì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n rò pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí búréèkì yóò fi dá ọkọ̀ dúró yóò di ìlọ́po méjì. Rárá o. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí ó bá gba mítà 15 ní eré 50, yóò gba mítà 60 ní eré 100. Ẹ fi mítà 28 kún un: 88. Ó sún mọ́ gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ń sọdá kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, fi ń kìlọ̀ nípa eré àsápajúdé. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Awakọ̀ ìje ń lé ife ẹ̀yẹ. Ìwọ tí ò ń sáré láti Kabba lọ sí Iyara, kí ni ò ń lé?

Ohun tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ìje kì í ṣe eré rẹ̀. Ohun tí 504 mú lọ sí Safari, tí ó sì mú un dé ilé, ni ó wúlò fún wa: ọkọ̀ tí a yẹ̀ wò kí ó tó gbéra, búréèkì tí ó múlẹ̀, táyà tí kò tíì pá, awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò kún fún oorun, àti sùúrù láti kọjá ibi tí ọ̀nà kò dára.

Kí n tó kí yín pé ó dàbọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Jean Todt wá já sí. Ọkùnrin tí ó fi ọdún púpọ̀ wá bí ọkọ̀ yóò ti yára sí i yìí di olórí àjọ ọkọ̀ àti ìje ọkọ̀ gbogbo àgbáyé ní 2009, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2021. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn án ní aṣojú pàtàkì fún ààbò ojú ọ̀nà. Ó wá ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, tí ó ń bẹ àwọn ìjọba àti awakọ̀ pé kí wọ́n dín eré kù, kí wọ́n de bẹ́líìtì, kí wọ́n sì fi akoto dé orí ọlọ́kadà. Ẹni tí ó mọ adùn eré ju gbogbo wa lọ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí a rọra, ẹ jẹ́ kí a rọra.

  Ó dàbọ̀.